Ihò Kékeré Tó Ń Fọ́ Ẹ̀jẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Fáàfù Ọkàn Kan Tó Ń Jò Lẹ́gbẹ̀ẹ́

Bí aláìsàn náà ṣe dé

Obìnrin ẹni ọdún 61 ni. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni oníṣẹ́ abẹ ti yọ fáàfù mítírà rẹ̀ tó ti bàjẹ́, tó sì fi fáàfù àtọwọ́dá oníwẹ́ méjì, oníwọ̀n 29 mm, irú èyí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù líle ṣe, rọ́pò rẹ̀. Fáàfù mítírà ni ilẹ̀kùn àárín ìyẹ̀wù òkè àti ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ní apá òsì ọkàn. Ara obìnrin náà dá fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kò lè mí kanlẹ̀ mọ́. Bó bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá fẹ́ sùn, àfi kó to ìrọ̀rí mẹ́ta lé ara wọn. Ìtọ̀ tó ń tọ̀ láàárọ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Ojú pípọ́n àti ìtọ̀ dúdú ló da ọ̀rọ̀ rú. Fún oṣù mélòó kan ni wọ́n ń wá àìsàn nínú ẹ̀dọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn irin, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ náà tún lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní fáàfù àtọwọ́dá lára, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín kù láìsí ojú ibi tó ti ń ṣàn jáde, fáàfù yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ibi tí ìṣòro wà hàn. Hìmóglóbìn rẹ̀, èròjà pupa inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 7.8 g/dL, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ti obìnrin dín sí 12. LDH, èròjà tó máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, jẹ́ 2,140 U/L, níbi tí yàrá àyẹ̀wò náà ti fi 250 ṣe òkè ààlà. Haptoglobin kò tilẹ̀ ṣeé kà, nítorí ó ti lẹ̀ mọ́ hìmóglóbìn tó dà sínú omi ẹ̀jẹ̀ tán. Ọmọ sẹ́ẹ̀lì pupa tí mùdùnmúdùn egungun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde tó 7.5%, ìyẹn ni pé mùdùnmúdùn ń sáré láti dí ohun tó ń ṣòfò. Bilirubin, èròjà tó ń mú kí ojú pọ́n, jẹ́ 3.4 mg/dL, tó sì jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni irú tí ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti ya, tí orí rẹ̀ ṣe ṣónṣó, ló kún ibẹ̀. Àyẹ̀wò Coombs kò rí nǹkan kan, nítorí náà kì í ṣe pé àwọn èròjà ààbò ara ló ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀.

Ferritin rẹ̀, tó ń fi irin tí ara kó pamọ́ hàn, jẹ́ 12 péré, èyí sì yani lẹ́nu lójú àwọn tí kò mọ bí ọ̀ràn yìí ṣe ń rí. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá kú nínú ọlọ inú (spleen), ara á kó irin inú rẹ̀ pamọ́ fún ìlò mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá fọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, kíndìnrín ló ń sẹ́ hìmóglóbìn náà, irin á sì bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí oògùn irin tí wọ́n ń fún un lẹ́nu kò fi tó nǹkan. Kíndìnrín pàápàá ti ń jìyà rẹ̀: creatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ dànù, ti dé 1.6 mg/dL.

INR, ìwọ̀n bí oògùn adènà ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, jẹ́ 2.9, ó wà láàárín 2.5 sí 3.5 tó yẹ fún irú fáàfù yìí níbi mítírà. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn apakòkòrò kankan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti ojú iṣan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti wò bóyá kòkòrò yóò hù níbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún kọjá, nǹkan kan kò hù, kò sì sí ibà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fo ìgbésẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ pé kòkòrò ló jẹ ẹran etí fáàfù títí ó fi já, dídí ihò náà pa yóò kan kó irin tuntun sáàárín ọyún ni.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà

Jíjò ẹ̀gbẹ́ fáàfù yàtọ̀ sí jíjò inú fáàfù. Fáàfù oníwẹ́ méjì máa ń jò díẹ̀ láti inú, níbi ìkọ́ àwọn ìwẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ ibẹ̀ kó má dì. Èyí tó léwu ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ìta òrùka ìránmọ́ kọjá. Òrùka yìí ni aṣọ tí wọ́n yí mọ́ etí fáàfù, tí òwú oníṣẹ́ abẹ ń gbà wọlé. Bí aṣọ yẹn kò bá lẹ̀ mọ́ ẹran ara yíká yíká, àlàfo kù.

Ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n fi ìró yà, tí wọ́n ṣe látòkè àyà kò fi jíjò kankan hàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyẹn sì máa ń tàn jẹ. Fáàfù àtọwọ́dá ń dí ìró lọ́nà, òjìji rẹ̀ sì máa ń bo ìyẹ̀wù òkè níbi tí jíjò mítírà ń tú sí gan-an. Àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń tú àṣírí. Ìyára ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé gba inú fáàfù náà jẹ́ 2.3 m/s, ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6 mmHg, àkókò tí ìfúnpá fi ń dín kù dé ìdajì sì jẹ́ 90 ms péré. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí fáàfù, àkókò yẹn ì bá gùn kọjá 130. Kí ìyára ga kí àkókò sì kúrú túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ń kọjá, kì í ṣe pé ọ̀nà há: èyí tó jò padà sókè ló tún ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ́kò ọ̀nà ọ̀fun, èyí tí ń ya àwòrán oníhà mẹ́ta láti ẹ̀yìn ọkàn, ló fi ihò náà hàn. Bí oníṣẹ́ abẹ ṣe ń wo fáàfù mítírà láti ìyẹ̀wù òkè ni wọ́n ń to àwòrán náà: fáàfù àọ́tà, ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn sínú iṣan ńlá, wà ní aago 12, àpò kékeré etí ìyẹ̀wù òkè òsì wà ní aago 9, ògiri àárín ìyẹ̀wù òkè méjèèjì wà ní aago 3. Kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lo èdè aago kan náà kì í ṣe ọ̀ràn àṣà lásán, nítorí ẹni tó ń wo ẹ́kò ló máa darí ọwọ́ ẹni tó ń ti wáyà. Ihò náà wà ní aago 5, ó gùn ní 9 mm, ó fẹ̀ ní 4 mm, ó sì tẹ̀ bí oṣù tuntun. Yíká òrùka oníwọ̀n 29 mm tó nǹkan bí 91 mm, nítorí náà ihò yìí gba ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Fáàfù náà kò mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Bó bá ń mì, ibi púpọ̀ lára òrùka ti já nìyẹn, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sì kù.

Ìdí tí ihò tí kò tóbi fi ń ba nǹkan tó bẹ́ẹ̀ jẹ́

Nígbà tí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ òsì bá fún pọ̀, ìfúnpá inú rẹ̀ á tó 120 mmHg. Ti ìyẹ̀wù òkè lè jẹ́ 20. Ìyàtọ̀ 100 mmHg ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ihò tóóró náà, ìyára rẹ̀ á sì sún mọ́ mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ń fi ara gbo etí aṣọ òrùka àti etí kálíṣíọ̀mù tó ti le bí òkúta nínú ẹran, tàbí kó lọ forí sọ ògiri ìyẹ̀wù òkè kó sì dúró lójijì. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò lè gba irú fífà àti ìkọlù bẹ́ẹ̀. Ihò gbàǹgbà tí etí rẹ̀ dán lè mú ọkàn kún fún ẹ̀jẹ̀ tó ń jò padà kó má sì fọ́ sẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Ihò tóóró olétí gígún lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ láìmú ọkàn wú. Ti obìnrin yìí ṣe méjèèjì. Nítorí náà, kí ẹnì kan sọ pé “jíjò kékeré ni” kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan. Ohun tí jíjò ń ṣe fún aláìsàn la fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìpinnu

Oògùn lè ra àkókò, kò lè dí ihò. Wọ́n fún un ní furosemide (oògùn tó ń mú kí ara tọ omi dànù) 40 mg gba ojú iṣan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, irin gba ojú iṣan, folic acid 5 mg lójúmọ́ nítorí mùdùnmúdùn ń jẹ ẹ́ gan-an, àti ẹ̀jẹ̀ títí hìmóglóbìn fi kọjá 9. Wọ́n tún fún un ní oògùn tó ń dín ìlùkìkì ọkàn kù, kí ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tú jáde má pọ̀ jù.

Ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tún àyà là, kí wọ́n rán ibẹ̀ pa tàbí kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù náà. Èkejì ni kí wọ́n gba inú iṣan lọ fi èdídí dí ihò náà, ohun tí àwọn dókítà ti kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1992. Ìlànà ACC àti AHA, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2020 gbà pé iṣẹ́ abẹ tọ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ́ láìgbọ́ oògùn tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń kọṣẹ́. Èdídí sì bójú mu fún ẹni tí ewu iṣẹ́ abẹ ga fún, bí ihò náà bá ṣeé dí, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà dunjú níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é.

CT, ẹ́síréè tó ń ya inú ara ní abala abala, ló yanjú àríyànjiyàn. Ó fi òkìtì kálíṣíọ̀mù hàn ní aago 5 gan-an, nínú òrùka ẹran ara tí wọ́n rán fáàfù mọ́. Oníṣẹ́ abẹ tó bá tún wọ ibẹ̀ yóò bá kálíṣíọ̀mù kan náà tó lé òwú kúrò lákọ̀ọ́kọ́, yóò sì la àpá àtijọ́ kọjá kó tó débẹ̀, kíndìnrín obìnrin náà kò sì dúró dáadáa. Kò sí kòkòrò, fáàfù kò mì, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ìyẹ̀wù òkè. Wọ́n gbà láti lo èdídí.

Lórí tábìlì

Wọ́n dá warfarin, oògùn adènà ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń lò, dúró títí INR fi wá sí 1.7, heparin, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sì rọ́pò rẹ̀ gba ojú iṣan títí di wákàtí mélòó kan ṣáájú. Cefazolin, oògùn apakòkòrò, 2 g wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi oògùn mú un sùn pátápátá, nítorí ẹ́kò ọ̀nà ọ̀fun máa wà lẹ́nu rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Wọ́n gba iṣan itan ọ̀tún wọ ìyẹ̀wù òkè ọ̀tún, wọ́n sì gún ògiri àárín lu sí apá òsì. Ojú ibi tí a gún pinnu púpọ̀. Ihò aago 5 sún mọ́ ògiri yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí túùbù fi gbọ́dọ̀ yí padà sí ara rẹ̀ kó tó kọjú sí i. Bí a bá gún ibi tó rẹlẹ̀ jù, kò ní sí àyè láti yí. Ẹ̀yìn, lókè, ni wọ́n gún, wọ́n sì lo túùbù tí orí rẹ̀ ṣeé darí. Gbàrà tí wọ́n gún un tán ni heparin wọlé, wọ́n sì ń yẹ ACT, àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, wò kó lè wà láàárín 250 sí 300 ìṣẹ́jú àáyá.

Wáyà 0.035 ínǹṣì tó ń yọ̀, tó gùn ní 260 cm, ni wọ́n fi wá ihò náà. Ìgbà tí wáyà bá kọjá ni ìdánwò ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ àárín ìwẹ́ fáàfù ló gbà láìjẹ́ pé ó gba ẹ̀gbẹ́. Bí túùbù bá tẹ̀ lé e gba àárín ìwẹ́, ìwẹ́ yẹn á há ní ṣíṣí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ojú méjì ni wọ́n fi wò ó: ẹ́kò oníhà mẹ́ta láti òkè, àti ẹ́síréè tí wọ́n darí títí òrùka fi hàn bí ìlà kan ṣoṣo. Wáyà náà wà níta òrùka.

Wọ́n ti wáyà náà láti ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ jáde gba fáàfù àọ́tà sínú iṣan ńlá, wọ́n fi wáyà olójóbó tó gba itan kejì wọlé mú orí rẹ̀, wọ́n sì fà á jáde. Ó wá di okùn tó ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé tó sì jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí túùbù líle lè gùn lé. Èyí ṣeé ṣe nítorí fáàfù àọ́tà obìnrin náà jẹ́ ti àbínibí. Ẹni tó bá ní fáàfù kábọ́ọ̀nù níbẹ̀ náà, a kò gbọ́dọ̀ gbé wáyà gba inú rẹ̀. A óò fi wáyà líle tí orí rẹ̀ ká sínú ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ni. Kí a má sì fa okùn náà le jù, nítorí ó lè gé ẹran ara.

Èdídí àkọ́kọ́ jẹ́ roboto, 12 mm, tí wọ́n fi wáyà nitinol hun, ìyẹn àdàlù níkẹ́lì àti títáníọ́ọ̀mù tó máa ń padà sí ìrísí rẹ̀ bó bá jáde nínú túùbù. Wọ́n tú u jáde, ṣùgbọ́n wọn kò tíì já a sílẹ̀ kúrò lára okùn rẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n rí. Ẹ́síréè fi hàn pé ìwẹ́ fáàfù tó sún mọ́ ọn kò ṣí tán mọ́, etí èdídí ti ń kàn án. Ẹ́kò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń tú jáde níbi igun oṣù náà, ó tún tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì yára kánkán. Èyí kejì burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Jíjò tó ti dín kù ní ìwọ̀n lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, pàápàá tó bá ń gba àárín okùn èdídí. Kí ẹnikẹ́ni má rí àwòrán tó dára díẹ̀ kó sì já èdídí sílẹ̀.

Wọ́n fà á padà sínú túùbù. Ohun roboto kò lè kún ihò tó tẹ̀ bí oṣù. Àárín rẹ̀ á yọ sórí fáàfù, igun rẹ̀ á sì ṣófo. Wọ́n ti wáyà kejì gba inú túùbù kan náà, wọ́n sì to èdídí 8 mm méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sínú ihò náà. Ìwẹ́ méjèèjì ń ṣí tán, wọ́n sì ń pa dé. Wọ́n fa èdídí kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ wò, kò kúrò. Ìyàtọ̀ ìfúnpá fáàfù sọ̀ kalẹ̀ sí 4 mmHg, ìgbì ìfúnpá inú ìyẹ̀wù òkè òsì sì wálẹ̀ láti 38 sí 19. Jíjò tó kù rí bí fọ́nrán òwú. Ìgbà yìí ni wọ́n já wọn sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń tún wo ìwẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn rẹ̀

Heparin padà ní alẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí ojú itan ti gbẹ, warfarin tẹ̀ lé e, heparin kò sì dúró títí INR fi kọjá 2.5.

Ní ọjọ́ kẹta ìtọ̀ tún dúdú, LDH sì gòkè díẹ̀. Ẹ́kò látòkè àyà kò rí ohun tó yí padà, ẹ́síréè fi hàn pé èdídí méjèèjì wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí, ìwẹ́ sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní sùúrù. Okùn nitinol tó wà lójú ẹ̀jẹ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí awọ ara tó bò ó, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù. Kíndìnrín ni wọ́n ń ṣọ́ nírú àkókò yìí: creatinine lójoojúmọ́, omi tó tó láìmú ẹ̀dọ̀fóró kún. Ní ọjọ́ kẹfà ìtọ̀ mọ́.

LDH jẹ́ 690 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 380 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Hìmóglóbìn jẹ́ 11.6 láìgba ẹ̀jẹ̀ mọ́. A kì í retí kí LDH padà sí bó ṣe yẹ pátápátá, nítorí fáàfù kábọ́ọ̀nù tí kò jò rárá pàápàá máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn, ìrọ̀rí kan ló sì fi ń sùn.

Ibi tí à bá ti dènà rẹ̀

Lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ni jíjò yìí ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàìbìkítà. Kálíṣíọ̀mù ẹ̀yìn òrùka mítírà jẹ́ ìpinnu tó le. Bí a bá fi í sílẹ̀, òwú kò ní rí ẹran rọ̀ dì mú, aṣọ òrùka á sì jókòó sórí òkúta. Bí a bá wú u tán, ibi tí ìyẹ̀wù òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé lè ya, ìyẹn sì máa ń pani. Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni kí a wú èyí tó yọ sókè, kí a sì fi abala awọ tó bo ọkàn bo ibi tó gbọgbẹ́ kí a tó rán fáàfù mọ́ ọn.

Òwú tí a so ní kókó kọ̀ọ̀kan, tí tìmùtìmù aṣọ kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, sàn níbi tí ẹran kò bá lágbára ju òwú kan tó ń lọ yíká lọ. Bí ẹyọ kan bá já, ìyókù ṣì dúró. Fáàfù tó kéré jù máa ń fa òwú, èyí tó tóbi jù á sì ká aṣọ òrùka rẹ̀ sókè. Kí òwú má sì wọlé jìn ju bó ti yẹ lápá aago 8 sí 10, nítorí iṣan tó ń bọ́ ẹ̀yìn ọkàn gba ibẹ̀. Ẹni tó ń lo steroid tàbí tí kòkòrò ti jẹ ẹran rẹ̀ rí, ẹran rẹ̀ kì í di òwú mú dáadáa. Ohun èlò pàápàá lè fa jíjò: ní ọdún 2000 ni wọ́n kó àwọn fáàfù tí wọ́n fi fàdákà bo aṣọ òrùka wọn kúrò lọ́jà, nítorí fàdákà tí wọ́n fi sí i kí kòkòrò má bàa dé kò jẹ́ kí ẹran hù mọ́ aṣọ náà bó ṣe yẹ.

Àyè ìkẹyìn láti tún un ṣe lórí tábìlì ni ẹ́kò ọ̀nà ọ̀fun tí a ń ṣe nígbà tí ọkàn ti padà lù fúnra rẹ̀, ṣáájú protamine, oògùn tó ń pa agbára heparin. Jíjò fọ́nrán máa ń pa ara rẹ̀ dé lẹ́yìn protamine. Jíjò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a padà sórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dípò ọkàn kí a sì fi òwú kún un. Ìṣẹ́jú ogún yẹn kéré sí ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde.

Fáàfù àọ́tà tí wọ́n ń gba inú iṣan gbé lọ náà lè jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ní òwú rárá. Fífẹ̀ rẹ̀ nìkan ló fi ń di ara mú. Nítorí náà ìwọ̀n CT ni gbogbo nǹkan: èyí tó kéré jù á jò, èyí tó tóbi jù lè ya òrùka tàbí kó tẹ ọ̀nà iná ọkàn pa. Aṣọ yẹ̀rì tí wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ àwọn tuntun ti dín jíjò kù gan-an. Àbájáde ọdún méjì ìwádìí PARTNER, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, fi hàn pé jíjò díẹ̀ pàápàá bá ikú púpọ̀ sí i rìn. Lórí tábìlì, ìṣirò kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú kan: yọ ìfúnpá ìsinmi inú ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ kúrò nínú ìfúnpá ìsàlẹ̀ ti iṣan, pín in pẹ̀lú ìfúnpá òkè, fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìfúnpá bá jẹ́ 130 lórí 50, tí ti ìyẹ̀wù sì jẹ́ 24, ìdáhùn jẹ́ 20. Èyí tó bá dín sí 25 ń béèrè pé kí a tún wo ibẹ̀, bóyá kí a tún fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́.

Ti obìnrin yìí, ohun tó kù ni ẹ́kò ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. LDH àti hìmóglóbìn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àti amoxicillin 2 g ní wákàtí kan kí oníṣègùn eyín tó fọwọ́ kan ẹran ìdí eyín rẹ̀, bí ara rẹ̀ kò bá kọ oògùn náà. Bí LDH bá gòkè kọjá 600 lẹ́ẹ̀mejì léra, a óò gba ẹ̀jẹ̀ wò fún kòkòrò, a ó sì tún ṣe ẹ́kò ọ̀nà ọ̀fun kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.